Vuk: orúkọ tí wọ́n fi dẹ́rù ba àjẹ́

Ní ọdún 1818, ọkùnrin kan tó ti abúlé kan ní Sérbíà wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì dá pé mọ́, tẹ ìwé atúmọ̀-èdè jáde ní ìlú Vienna. Ọ̀rọ̀ tó kó sínú rẹ̀ lé ní 26,000, ó sì fi èdè Jámánì àti Látìn túmọ̀ wọn. Nígbà tó dé orí ọ̀rọ̀ náà vuk, tí í ṣe ìkookò, kò fi mọ sórí ẹranko nìkan. Ó ní bí ọmọ kì í bá dúró fún obìnrin kan, yóò sọ èyí tó bá tún bí ní Vuk, nítorí àwọn èèyàn gbà pé àjẹ́ ló ń jẹ àwọn ọmọ náà, àjẹ́ kò sì ní láyà láti kọlu ìkookò. Ó wá la àkámọ́, ó kọ sínú rẹ̀ pé ìdí tí wọ́n fi sọ òun náà bẹ́ẹ̀ nìyẹn, ó pa àkámọ́ dé, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àkámọ́ yẹn ló mú mi. Ẹni tó ń kọ ìwé atúmọ̀-èdè kì í sábà yọjú sí wa láàárín iṣẹ́. A kàn ń rí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ni. Èyí yọjú lẹ́ẹ̀kan péré, ó sọ fún wa pé ikú ọmọ ló bí orúkọ òun, ó sì padà sẹ́yìn aṣọ. Ọmọ Yorùbá tó bá ka gbólóhùn yẹn yóò ti mọ ibi tó ń lọ kó tó dé ìparí rẹ̀. Kò sí ìkookò nínú orúkọ tiwa, ṣùgbọ́n a mọ obìnrin tí ọmọ kì í dúró fún. A mọ ojú tó fi ń wo ọmọ tuntun.

(Ìkookò inú Bíbélì ni mò ń sọ o, èyí tó wọ awọ àgùntàn. Àwọn ọdẹ wa mọ ẹranko mìíràn tí wọ́n ń fi orúkọ yẹn pè. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.)

Vuk Stefanović Karadžić ni ọkùnrin náà. Wọ́n bí i lọ́dún 1787 ní Tršić, abúlé kan nítòsí ìlú Loznica ní ìwọ̀ oòrùn Sérbíà, nígbà tí ìjọba Ottoman ti Tọ́kì ṣì jókòó lé ilẹ̀ náà lórí. Stefan ni bàbá rẹ̀, Jegda ni ìyá rẹ̀. Ará Drobnjak ni ìdílé bàbá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní àwọn òkè tó wà ní Montenegro lónìí, kí wọ́n tó ṣí wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí Jegda bí ṣáájú rẹ̀ ti kú. Nígbà tí èyí dé, wọn kò wá orúkọ ẹni mímọ́ kankan fún un láti inú kàlẹ́ńdà ìjọ, bẹ́ẹ̀ onígbàgbọ́ ni wọ́n. Orúkọ ẹran apanijẹ ni wọ́n fún un.

Kí orúkọ yẹn tó lè yé wa, ó yẹ ká mọ irú àjẹ́ tí wọ́n ń sá fún. Ìwé kan náà ló tún sọ ọ́ fún wa, lábẹ́ ọ̀rọ̀ vještica. Ó ní obìnrin tó bá jẹ́ àjẹ́ ní ẹ̀mí èṣù kan nínú. Bó bá ti sùn, ẹ̀mí náà á jáde lára rẹ̀, á di labalábá, tàbí adìyẹ, tàbí tòlótòló, á máa fò láti ilé dé ilé, á sì máa jẹ èèyàn, pàápàá jù lọ àwọn ọmọ kéékèèké. Bó bá bá ẹni tó ń sùn, á fi ọ̀pá kan lù ú lọ́mú òsì, àyà onítọ̀hún á là, á yọ ọkàn rẹ̀ jẹ, àyà á sì padà pa dé bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn kan á kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn á ṣì lo àkókò díẹ̀ sí i, bí àjẹ́ náà bá ṣe pinnu rẹ̀ nígbà tó ń jẹ ọkàn wọn. Nǹkan kan tí àjẹ́ ò lè rí sójú ni ááyù. Nítorí náà, tí àsìkò kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé bá dé, tí wọ́n ní àwọn àjẹ́ máa ń jẹun jù lọ, àwọn èèyàn á fi ááyù pa àyà, àtẹ́lẹsẹ̀ àti abẹ́ abíyá.

Tòlótòló! Ẹyẹ òru tiwa ni mo mọ̀ látilẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní ìlú wa bẹ̀rù tòlótòló ju kó lé e lẹ́nu lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ èyí kúrò, ẹni tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú yóò bá ara rẹ̀ nílé nínú ìtàn yẹn: ara wà lórí ibùsùn, ẹ̀mí wà níta pẹ̀lú ìyẹ́, ẹni tó jẹ ọ́ sì lè kí ọ láàárọ̀ pé ṣé dáadáa lo jí.

Kí ló wá dé tó jẹ́ ìkookò? Àgùntàn làwọn èèyàn yẹn fi ń jẹun. Ẹni tó ń sin àgùntàn lórí òkè ní àkókò òtútù mọ ohun tí ìkookò lè ṣe lóru ọjọ́ kan. Ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ ní gbangba. Nepomenik ni wọ́n máa ń pè é, èyí ni Ẹni-tí-a-kì-í-dárúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ tílẹ̀ bá ti ṣú, tí a sì ń pe ṣọ̀pọ̀ná ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Ní oṣù kọkànlá, àwọn ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Mratinci, tí wọ́n fi sọrí ìkookò. Obìnrin kì í ran òwú irun àgùntàn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn, wọn kì í sì í la sísọ́ọ̀sì. Sísọ́ọ̀sì tó bá là, ẹnu ìkookò ló là. Nítorí náà wọ́n á pa á dé, wọ́n á gbé e síbi tí ọmọdé ò ní fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́. Àwọn kan máa ń gé awọ ẹnu ìkookò tí wọ́n pa ní òrùka, wọ́n á sì gba inú òrùka yẹn kọjá pẹ̀lú ọmọ tuntun, kí ọmọ náà lè ti ẹnu ìkookò jáde sáyé. Bí ọmọ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ délẹ̀, ẹnì kan á jáde síwájú ilé, á ké sí aráyé pé abo ìkookò ti bí ìkookò, kí gbogbo ayé mọ̀, kí ọmọ sì ní àlàáfíà. Veselin Čajkanović, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Sérbíà tó kú lọ́dún 1946, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú nǹkan báyìí. Èrò rẹ̀ ni pé ìkookò ju ẹranko lásán lọ fún àwọn baba ńlá wọn, pé wọ́n ń kà á mọ́ ẹbí àti mọ́ òrìṣà tí wọ́n ń sìn kí Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bó ṣe rí gan-an ò lè yé àwa tá a wà lókèèrè tán. Èyí tó yé mi ni obìnrin tó jáde síwájú ilé. Ẹ fojú inú wò ó: ìyàwó ilé wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọmọ ń ké, gbogbo abúlé mọ̀ pé méjì tàbí mẹ́ta ti kú tẹ́lẹ̀ nínú ilé yẹn, obìnrin yìí sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń parọ́ fún àjẹ́ ní ohùn rara.

Ohun tó jẹ́ kí n máa ronú lórí orúkọ yìí fún ìgbà pípẹ́ nìyẹn. Ta ni orúkọ ń bá sọ̀rọ̀?

Ẹ wo tiwa. Málọmọ́: ọmọ là ń bá wí. Dúrójayé, Dúrósinmí, Bánjókòó: ọmọ là ń bẹ̀. Kòsọ́kọ́: a ní ọkọ́ ti tán nílé, kò sí ohun tá a máa fi gbẹ́lẹ̀ fún ọ mọ́, ọmọ náà là ń sọ ọ́ sí létí kó lè mọ̀ pé ìyà ń dúró dè é bó bá tún dán an wò. Àkísàátán: àkísà tá à bá fi dì ọ́ ti tán. Igbókọ̀yí: igbó pàápàá kọ èyí. Nínú gbogbo rẹ̀, ojú wa ò kúrò lára ọmọ, torí lójú tiwa, ọmọ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ. Ó ní ẹgbẹ́ níbòmíràn, ó ti bá wọn mulẹ̀, àwa la ń fà á láṣọ. Nítorí náà la ṣe ń bú u, tá a ń kẹ́ ẹ, tá a ń kọ ọ́ ní gégé nígbà mìíràn kó lè fi àpá hàn wá bó bá tún padà wá.

Vuk ò bá ọmọ sọ ohunkóhun. Ọmọ Jegda ò mọwọ́ mẹsẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni mulẹ̀. Wọ́n ń jẹ wọ́n ni. Orúkọ náà kẹ̀yìn sí ọmọ, ó sì kọjú sí òkùnkùn níta, ó ń wí fún ohun tó wà níbẹ̀ pé ẹ ṣìlé. Ìgbàkigbà tí ìyá bá pe ọmọ rẹ̀ wálé jẹun ní ìrọ̀lẹ́, ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Mo rò pé ìyàtọ̀ yìí tóbi ju bó ṣe ń jọ lọ. Ìyá tiwa ò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ tó gbé lọ́wọ́ tán. Ìyá tiwọn ò lè gbẹ́kẹ̀ lé aládùúgbò. Mi ò mọ èwo ni ǹ bá yàn.

Èmi ò sì sọ pé gbogbo ẹ̀yà Slav, ìyẹn àwọn ará Sérbíà àti àwọn ìbátan wọn bí ará Bùlgáríà àti Rọ́ṣíà, ló ń dojú orúkọ kọ ìta. Wọ́n ní irú tiwa náà. Stojan, tí àwọn ará Bùlgáríà ń pè ní Stoyan, Dúró gẹ́lẹ́ ni. Živko àti Živojin, inú ìyè ni wọ́n ti jáde. Láti ara Živko ni orúkọ ìdílé Todor Zhivkov ti wá, ẹni tó ṣe olórí Bùlgáríà títí di 1989. Láti ara Stoyan ni ti Hristo Stoichkov ti wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà tó lọ́dún 1994 yóò rántí 21 oṣù kẹfà ní Dallas, tí Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ wa nínú Ife Àgbáyé wọlé, tó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, tó ń sunkún tó ń pariwo. Bùlgáríà la nà ní 3-0 lọ́jọ́ náà. Ẹni tí gbogbo wa ń bẹ̀rù kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni Stoichkov, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọmọ Dúró ni, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Stana àti Stanka ń bẹ fún obìnrin. Ìyẹn náà wá láti inú ìdúró, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn kì í ṣe ọmọ ni wọ́n ń sọ fún pé kó dúró. Obìnrin ni wọ́n fẹ́ kó dáwọ́ dúró nínú ilé, kí ọkùnrin lè bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ọmọ tí ò ṣe nǹkan kan á wá máa jẹ́ orúkọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Orúkọ yìí ò dùn mọ́ mi nínú, mi ò sì ní máa díbọ́n pé ó dùn.

Najden ló ní ẹ̀tàn jù nínú wọn. Wọ́n á gbé ọmọ lọ sí oríta, wọ́n á fi í síbẹ̀, wọ́n á sápamọ́. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá kọjá á gbé e, á di baba ìsàmì rẹ̀, wọn ìbáà mọ̀ ọ́n rí tàbí wọn ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á wá sọ ọmọ náà ní Ẹni-tá-a-rí-he. Bàbá àti ìyá á gba ọmọ wọn lọ́wọ́ àlejò bí ẹni pé wọn ò bí i, kí ohun tó ń lépa ìdílé náà lè ṣì í mú. Ní Rọ́ṣíà láyé àtijọ́, èébú ni wọ́n máa ń lò: Nekras, ẹni tí ò rẹwà, Nezhdan, ẹni tá ò retí. Igbókọ̀yí àti Nekras ì bá mọ ara wọn bí wọ́n bá pàdé.

Ẹni kan wà tí mo máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ Vuk bí mo bá ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Kòsọ́kọ́ Ọba Èkó gorí oyè lọ́dún 1845. Ní ìparí 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó tí wọ́n sì lé e jáde, tó fi forí lé Ẹ̀pẹ́. Lọ́dún 1852, ní Vienna, Vuk tẹ àtẹ̀jáde kejì ìwé atúmọ̀-èdè rẹ̀. Ọkùnrin méjì tí àwọn òbí wọn fi orúkọ dínà ikú fún, tí àwọn méjèèjì sì gbó tó láti di ẹni tí ìtàn ń dá lórí, ní àsìkò kan náà, láìmọ ara wọn rí. Vuk kú lọ́dún 1864, Kòsọ́kọ́ lọ́dún 1872. Bí a bá ní orúkọ wọ̀nyẹn ò ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ lójú àwọn ìyá wọn.

Ọmọ Jegda yìí ò ráàyè lọ sílé ìwé gidi. Ẹbí rẹ̀ kan ló kọ́kọ́ fi lẹ́tà hàn án. Kò sí gègé, ó fi esùsú ṣe gègé. Kò sí tàdáwà, ó po ẹ̀tù ìbọn mọ́ omi. Ó ṣe akọ̀wé fún àwọn ológun nígbà tí àwọn ará Sérbíà gbógun dìde sí Tọ́kì lọ́dún 1804. Àìsàn ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ kó tó pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ọ̀pá onígi ló sì fi ń rìn títí ayé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé ẹsẹ̀ yẹn ló mú òun jókòó ti ìwé. Nígbà tí Tọ́kì tún ṣẹ́gun wọn lọ́dún 1813, ó sá lọ sí Vienna, ó sì pàdé Jernej Kopitar, ọmọ Slovenia tó ń yẹ ìwé wò fún ìjọba ibẹ̀. Kopitar ló tì í sẹ́nu iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà ni pé kí àwọn ará Sérbíà máa kọ èdè wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ohùn kan, lẹ́tà kan. Nígbà yẹn, èdè tí àwọn àlùfáà fi ń kọ̀wé yàtọ̀ sí èyí tí ìyá fi ń pe ọmọ wálé. Vuk yọ lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni ò pè mọ́ dànù, ó fi tuntun kún un, títí tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ 30. Èyí tó dá ìjà sílẹ̀ jù ni J. Àwọn àlùfáà ní lẹ́tà àwọn Kátólíìkì ni, pé ọmọ arọ yìí fẹ́ fi J kan ṣoṣo kó gbogbo ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì lọ fún Róòmù. Wọ́n fòfin de ọ̀nà ìkọ̀wé rẹ̀ ní Sérbíà lọ́dún 1832. Ó tẹ Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè ìyá rẹ̀ lọ́dún 1847 ní Vienna. Ọdún mẹ́rin ṣáájú ìyẹn ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tiẹ̀ jáde, òun náà sì ṣì máa jìjàdù pẹ̀lú lẹ́tà kí ẹ àti ṣ tiwa tó fìdí múlẹ̀. Ní 1868 ni ìjọba Sérbíà tó gba lẹ́tà Vuk pátápátá. Ó ti kú lọ́dún mẹ́rin ṣáájú.

Nǹkan kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí mi ò lè fò. Lọ́dún 1818 yẹn gan-an, ọdún tó la àkámọ́ nínú ìwé rẹ̀, ló fẹ́ Anna Kraus, ọmọ Vienna. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n bí. Dimitrije àti Mina nìkan ló gbẹ̀yìn rẹ̀ nínú gbogbo wọn. Mina di ayàwòrán, ó sì ń túmọ̀ ìwé. Àwọn tó kù, wọ́n sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìlú ọba ni Vienna, dókítà pọ̀ níbẹ̀, kò sí tòlótòló kankan tó ń fò lórí òrùlé. Ọkùnrin tí wọ́n fi orúkọ gbà sílẹ̀ ní abúlé ló ń sin ọmọ ní ìlú ńlá. Àwọn ìwé tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń fi gbólóhùn kan ṣoṣo kọjá níbẹ̀, wọ́n á sì padà sórí lẹ́tà J.

Lẹ́yìn tó kú, wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Lọ́dún 1897 ni wọ́n kó òkú rẹ̀ kúrò ní Vienna lọ sí Belgrade, wọ́n sì sin ín síwájú ṣọ́ọ̀ṣì àgbà ibẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ òǹkọ̀wé Dositej Obradović. Ère rẹ̀ wà nínú ọgbà kan ní Belgrade láti 1937, ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọmọ ilé ìwé tó bá gba máàkì tó ga jù nínú gbogbo iṣẹ́ ní gbogbo ọdún á gba ìwé ẹ̀rí Vuk, wọ́n á máa pè é ní vukovac. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: orúkọ tí wọ́n fi lé àjẹ́ di orúkọ ọmọ tó mọ̀wé. Lọ́dún 1984, nígbà tí Sarajevo gbàlejò Òlíńpíìkì ìgbà òtútù, ọmọ ìkookò kan tó ń rẹ́rìn-ín, Vučko, ni àmì ìdárayá náà. Ẹni-tí-a-kì-í-dárúkọ wá wà lórí kọ́ọ̀bù àti aṣọ.

Vuk tó jẹ́ orúkọ burúkú náà wà. Orin ìtàn àwọn ará Sérbíà ní Vuk Branković ló da Lazar, olórí wọn, lójú ogun Kosovo lọ́dún 1389, tó kó àwọn jagunjagun rẹ̀ sá lọ. Àwọn òpìtàn wá ẹ̀rí rẹ̀ títí, wọn ò rí i. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọkùnrin náà ṣì di ilẹ̀ rẹ̀ mú fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun náà kí Tọ́kì tó borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ti dá a lẹ́bi. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹnì kan bá ba orúkọ jẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìdílé á rọra gbé e tì. Àwọn wọ̀nyí ń fi í gégùn-ún, wọ́n sì tún ń sọ ọmọ wọn ní Vuk. Wọ́n fi kún un pàápàá: Vukašin, Vukan, Vukota, Vukmir, Vukosava fún obìnrin. Láti ara rẹ̀ ni àwọn Vuković, Vukić, Vujić àti Vučić ti wá, títí kan Ààrẹ Aleksandar Vučić. Bí ẹ bá ń wo bọ́ọ̀lù àwọn ará ibẹ̀, kò sí bí ẹ ò ṣe ní gbọ́ ìkookò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lọ sìnmi.

Ní Rọ́ṣíà, ìjọ ṣẹ́gun. Kàlẹ́ńdà àwọn ẹni mímọ́ gba orúkọ ọmọ lọ́wọ́ àwọn òbí díẹ̀díẹ̀, Nekras àti Nezhdan àti Volk sì sá pamọ́ sínú orúkọ ìdílé. Nekrasov, Nezhdanov, Volkov: ibẹ̀ ni wọ́n wà dòní, bí àgbà tí wọ́n fi sí yàrá ẹ̀yìn. Ní Sérbíà, ìdílé ló ní ẹni mímọ́. Ọjọ́ ẹni mímọ́ ìdílé, slava, ni wọ́n ń ṣe, bàbá á sì fi lé ọmọkùnrin lọ́wọ́. Kò di dandan kí ọmọ jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ kankan kí ó tó ní alágbàwí. Mo rò pé ohun tó fún Vuk láyè láti máa wà lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àgbélébùú nìyẹn. Ó sì wà: lónìí, Vuk wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọkùnrin jù ní Sérbíà. Àwọn òbí tó ń sọ ọ́ ò ronú àjẹ́ mọ́. Ó kúrú, ó le lẹ́nu, lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Ikú ọmọ ti dín kù, orúkọ ò kúrò.

Ìdí tí mo fi ń fi wọ́n wé wa rèé. Kòkúmọ́ ni wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ọmọ méjì ló ṣáájú rẹ̀, mi ò rí èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tó wọ ilé ìwé gíga, ó darapọ̀ mọ́ ìjọ kan, wọ́n sì ní ikú wà nínú orúkọ rẹ̀, pé gbogbo ìgbà tí èèyàn bá pè é, ikú ni wọ́n ń pè. Wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n fún un ní orúkọ mìíràn tí Olúwa wà níwájú rẹ̀. Ó wálé wá sọ fún màmá wa. Màmá ò jà. Wọ́n kàn bi í pé, "Ṣé pásítọ̀ yín ti sìnkú ọmọ rí?" Ó ní òun ò mọ̀. Wọ́n ní kó lọ bi í, kó padà wá sọ fún àwọn. Kò lọ.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòkúmọ́ lónìí. Kò sídìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa orúkọ rẹ̀ dà, òun ló ni orúkọ. Ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn òbí wa ló fi orúkọ gbé ikú wọlé. Ikú ti wà nínú ilé kí orúkọ tó dé. "Kò" ló wà níwájú "kú" nínú Kòkúmọ́. Ẹ jẹ́ ká máa ka ọ̀rọ̀ parí. Bí Jegda bá wà nínú irú ìjọ yẹn, wọn ì bá ní ìkookò ló ń lépa ọmọ rẹ̀, wọn ì bá pa á dà sí Nikola tàbí Petar, àkámọ́ yẹn ò sì ní sí nínú ìwé.

Mo fi gbogbo èyí ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp, ó gùn ju èyí tẹ́ ẹ ń kà yìí lọ. Ó ní òun ti kà á, ó ní Sérbíà jìnnà. Ṣùgbọ́n kò pa Kòkúmọ́ rẹ́ tán. Ó ṣì ń kọ K àti àmì ìdánudúró kan sáàárín orúkọ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó bá fọwọ́ sí. Bí ẹnikẹ́ni ní ibi iṣẹ́ bá bi í pé kí ni K yẹn, á ní Kọ́lá ni.